Ẹ̀wọ̀n Kì í San Gbèsè: Orúkọ Wo Ló Yẹ Ká Pè É?

Òfin ilẹ̀ Bùràsíìlì ti ọdún 1988 sọ pé a kì í torí gbèsè ti ènìyàn mọ́lé. Àwọn méjì péré ló yọ sílẹ̀: ẹni tí wọ́n fi ẹrù pamọ́ sí lọ́wọ́ tí kò dá a padà, àti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti san owó tí kóòtù ní kó máa fi tọ́jú ọmọ tàbí ẹbí rẹ̀. Ní 2009, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé títi ẹni tí wọ́n fi ẹrù pamọ́ sí lọ́wọ́ mọ́lé kò bófin mu. Ó wá ku ti owó ẹbí nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé òfin yìí ní láti ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó náà fúnra rẹ̀. Oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ Potogí tí wọ́n ń lò fún un túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n bí a bá ní “owó oúnjẹ”, owó ọbẹ̀ ni ọkàn olùgbọ́ yóò lọ. Owó ilé, aṣọ, ìwòsàn àti ilé ìwé wà nínú ohun tí kóòtù ń ṣírò. “Owó bùkátà” kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ìyálọ́jà tí yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ó kan àìsan. Ẹ ṣọ́ àmì ohùn níbí: bí ìwé ìròyìn bá tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i, ó di àìsàn, ẹjọ́ á sì di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. “Àìsanwó” ló dára jù. Yorùbá tún ní ohun tó wúlò fún adájọ́: “kò san” yàtọ̀ sí “kò rí san”. Orí ìyàtọ̀ yìí ni òfin náà dúró lé. Ọjọ́ mẹ́ta ni onígbèsè ní láti sanwó, tàbí kó fi hàn pé òun ti san, tàbí kó ṣàlàyé ìdí tí òun kò fi lè san. Ẹni tí kò rí san kọ́ ni òfin fẹ́ tì mọ́lé.

Ibi tó le jù ni “ẹ̀wọ̀n”. Òótọ́ ni pé wọ́n ń ti onígbèsè mọ́lé, láti oṣù kan sí mẹ́ta, lọ́tọ̀ sí àwọn ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n lẹ́nu wa, ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tán. Ti ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá sanwó lónìí, adájọ́ á dá àṣẹ náà dúró. Bó bá lo oṣù mẹ́ta pé láìsan, gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ irú ìfúngunmọ́ bẹ́ẹ̀ láti gba owó. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921 bí ológò, ẹni tí olówó rán láti gba gbèsè, ṣe ń lọ dógò, ìyẹn ni pé yóò jókòó ti onígbèsè nínú ilé, tí kò ní fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí owó á fi jáde. Ìbá wù mí ká jí “dógò” dìde, àmọ́ lóde òní, bí a bá ní ẹnì kan fi nǹkan dógò, ohun ìdúró ni a gbọ́. Mo fara mọ́ “àhámọ́ gbèsè”. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: “Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta nítorí owó ọmọ.” “Kóòtù fi í sí àhámọ́ gbèsè títí yóò fi san owó bùkátà ọmọ, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ.” Èkejì gùn, ṣùgbọ́n òun ló sọ òfin.

Ẹ má sì pa owó gbà-má-bínú pọ̀ mọ́ owó bùkátà. Ní 2020, ìgbìmọ̀ adájọ́ kan ní ilé ẹjọ́ gíga Bùràsíìlì dá a pé a kò lè torí owó oṣooṣù tó yẹ kí ẹnì kan san fún ẹni tó ṣe ní jàǹbá tì í mọ́lé. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn àti ògbufọ̀ kóòtù, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú owó tó jẹ́, kí ẹ tó kọ “ẹ̀wọ̀n” sílẹ̀.