Ọ̀rinrin Inú Afẹ́fẹ́

Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí ni ọ̀rinrin. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbóná tó ni omi tó lè gbà ṣe ń pọ̀ tó: mítà kúbíìkì kan lè gba nǹkan bíi gíráàmù 17 ní 20°C, àti 30 ní 30°C. Nítorí náà, bí ọ̀rinrin bá jẹ́ 50%, ìyẹn ìdajì omi tí afẹ́fẹ́ lè gbà, omi tó wà níbẹ̀ nínú òtútù kéré púpọ̀ sí ti inú ooru.

Ní 1783, Horace-Bénédict de Saussure ti Geneva ṣàlàyé ẹ̀rọ tó fi irun orí ènìyàn wọn ọ̀rinrin: irun máa ń gùn sí i bí ọ̀rinrin bá pọ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni tẹmómítà méjì, tí a fi aṣọ tútù we ìdí ọ̀kan. Bí àlàfo láàárín ìwọ̀n ooru tí àwọn méjèèjì fi hàn bá fẹ̀, bíi lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ nìyẹn.