Ìgbìmọ̀ Ìbàdàn àti Ẹjọ́ Àwọn Olówó

Ìlú tí àwọn jagunjagun tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1829 ni Ìbàdàn, àti nítorí pé kò sí ìdílé kan ṣoṣo tí ó jogún oyè olórí níbẹ̀, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ni ó ń ṣàkóso ìlú. Mógàjí, èyíinì ni olórí agboolé, ni ó máa ń jẹ oyè kékeré, tí yóò sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ bá ti ń kú, yálà ní ìlà Baálẹ̀, tí a sọ di Olúbàdàn ní 1936, tàbí ní ìlà Balógun. Kò sí ẹni tí ó lè gòkè láìsí owó, nítorí pé ìjòyè ni ó ń bọ́ àwọn ọmọ ogun, tí ó ń ra ẹ̀tù, tí ó sì ń gba àlejò. Síbẹ̀, owó tí kò bá ti ọwọ́ ìjòyè kọjá sí ọwọ́ ará ìlú a máa di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn, èyí sì hàn gbangba nínú ẹjọ́ méjì tí ìgbìmọ̀ náà pè láàárín ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Èkíní ni ti Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde ìlú, ìyẹn olórí àwọn obìnrin tí ó ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀. Òpìtàn Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé ẹrú Ìyálóde yìí tó ẹgbẹ̀wá ní oko nìkan, láìka ti ilé, àti pé ó ní àwọn balógun tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjòyè ni ó ń gba nǹkan ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àwìn, gbèsè wọn sì ń ga sí i. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún 1874, Ààrẹ Látòósà, tí í ṣe olórí Ìbàdàn nígbà náà, àti àwọn ìjòyè yọ ọ́ lóyè. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n kà sí i lọ́rùn: kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì fúnra rẹ̀ jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́bàá odi ìlú láti kí i kú àbọ̀. Kí oṣù Kẹfà tó parí, wọ́n ti mú kí àwọn ẹrú rẹ̀ pa á. Eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ti mú kí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa rántí obìnrin yìí nítorí ìkà tí ó ṣe sí ẹrú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú kankan nínú ẹ̀sùn mẹ́ta náà. Ohun tí ìgbìmọ̀ bá a wí sí ni pé ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Àdéhùn tí Ìbàdàn bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893 fòpin sí ogun àti ìkógun. Ní 1897, Captain Fuller, tí í ṣe ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ṣètò ìgbìmọ̀ ìlú lọ́tun, ìpàdé sì di ohun tí akọ̀wé ń kọ sílẹ̀. Ní 1929, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó, ilé olópòó ńláńlá tí ó wà lórí òkè láàárín ìlú. Owó oṣù àti ìjókòó ní kóòtù ni ó wá rọ́pò ohun tí àwọn ìjòyè ń kó bọ̀ láti ojú ogun, ṣùgbọ́n èrò àwọn ènìyàn nípa ohun tí olówó jẹ ìlú ní gbèsè kò yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Sàlámì Agbájé, ẹni tí ẹjọ́ kejì dá lé lórí, ni ó fi ara gbá èyí. Oníṣòwò ni, kì í ṣe jagunjagun: ó ta igi gẹdú, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù àti ilé-ìtẹ̀wé, ó kọ́ ilé alájà sí Ayéyé, ó sì rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Òkè-Òkun. Nígbà tí yóò fi di 1949, ó ti di Ọ̀tún Balógun, ọ̀nà tí ó kù kí ó di Olúbàdàn kò sì jìn mọ́. Ní ìparí ọdún náà, àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn Mógàjí kọ̀wé sí ìjọba pé kí a yọ ọ́ lóyè. Wọ́n ní agbára rẹ̀ ní kóòtù ti pọ̀ jù, wọ́n sì ní tara rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Ó hàn pé ẹ̀rù ìjọba rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ni ó ń bà wọ́n ju ohun tí ó ti ṣe sẹ́yìn lọ.

Ìjọba yan H. L. M. Butcher láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìwádìí rẹ̀, tí ó jáde ní 1951, kò rí ìdí tí ó tó láti yọ Agbájé, bí ó tilẹ̀ gbà pé ahun tí ó ń ṣe ni ó sọ ọ́ di ẹni ìkórìíra. Lẹ́yìn náà ni ó yí ojú sí ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀: ó dámọ̀ràn pé kí agbára àwọn ìjòyè dínkù, kí àwọn aṣojú tí ará ìlú dìbò yàn pọ̀ nínú ìgbìmọ̀, kí a sì ya àwọn ìlú agbègbè Ọ̀ṣun kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Láti ayé ogun ni àwọn ìlú bí Òṣogbo àti Ìkìrun ti wà lábẹ́ àwọn ìjòyè Ìbàdàn, tí ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní babakékeré, ìyẹn ìjòyè tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀. Gbogbo agbègbè yìí ni ó kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ̀wé ẹ̀sùn náà. Agbájé wà lórí oyè títí ó fi kú ní 1953.