Ìwé Ẹ̀rí Nọ́ọ̀sì àti Àṣẹ Ìgbélùú: Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1948

Ní Ìlú-Àbò, ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ òmìnira ń bọ̀. Bí ọjọ́ náà bá pé, ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, yóò sì lọ dá dúró níbi tí ó bá wù ú. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn lónìí kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní tiwọn, ọ̀gá kọ́ ni ó ń fúnni lómìnira. Òfin ìwọ̀lú ni, òfin náà kò sì dúró sójú kan.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 1948 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní NHS. Òṣìṣẹ́ kò tó, wọ́n sì ń wá àwọn ọ̀dọ́ láti òkè òkun láti wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òfin ọmọ ìlú ti ọdún 1948 kan náà pín wa sí méjì: ẹni tí a bí ní Kọ́lónì Èkó jẹ́ ọmọ ìlú lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ará Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó jẹ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kàn ń dáàbò bò. (Èmi kò tíì rí àgbà kan ní Oǹdó tí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún nígbà náà.)

Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pe àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ń wẹ aláìsàn, wọ́n sì ń gba owó díẹ̀ lóṣooṣù. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀kọ́ náà pín sí. Ọdún mẹ́ta ni ti SRN. Ọdún méjì ni ti SEN, ipò kejì tí òfin 1943 dá sílẹ̀ tí wọ́n sì fún ní orúkọ yẹn ní 1961. Ọ̀pọ̀ ọmọ òkè òkun ni wọ́n darí sí SEN láìsọ ìyàtọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù nìyí: ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti wá, wọn kò ka ìwé ẹ̀rí náà sí. Ẹni tí ó lọ kọ́ṣẹ́ kí ó lè padà wálé rí i pé ibi tí ó ti kọ́ ọ nìkan ni iṣẹ́ náà ti wúlò fún un. Ìwé tí ó yẹ kí ó gbé e délé ni ó so ó mọ́lẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ fi ti Kọfówórọlá Abẹ́ní Pratt wé e. Ọmọ Èkó ni, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti St Thomas' ní London ní 1946, ó gba SRN ní 1950, ó sì padà sílé ní 1954. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù UCH Ìbàdàn. Ìwé tirẹ̀ lè rìnrìn àjò.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 1962 ni ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í tì mọ́ àwọn ará Kọ́mọ́nwẹ́lì. Nígbà tí òfin 1971 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1973, ẹni tí ó ti fìdí kalẹ̀ láìsí gbèdéke di ẹni tí ó lè gbé ibẹ̀ títí. Ẹni tí ó dé lẹ́yìn ìgbà náà ń gbé lórí àṣẹ tí ó ní ọjọ́ ìparí.

Ní oṣù Kejì 2022, wọ́n ṣí físà fún àwọn olùtọ́jú arúgbó, àwọn ọmọ wa sì wọlé, àwọn mìíràn láti orí físà akẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù Kẹta 2024, wọ́n ní kí olùtọ́jú tuntun má mú aya tàbí ọmọ wá mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, wọ́n ti ọ̀nà náà pa fún ẹni tí ó wà ní òkè òkun. Ní ìgbà náà, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń dúró de àṣẹ ìgbélùú títí. Ní oṣù Karùn-ún 2025, ìjọba dá a lábàá pé kí ó di mẹ́wàá. Ẹni tí ó wọlé ní 2022 ti ka nǹkan bí ọdún mẹ́ta nígbà tí àbá náà jáde.