Ẹni Tí A Rán Níṣẹ́ àti Ilẹ̀kùn Tí A Tì Mọ́ Ọn

Ní oṣù Kejì ọdún 1947, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan gúnlẹ̀ sí Èkó láti Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ọba ni ó bá wá. Kọ́lóníà Ọ́fíìsì, èyí tí ń ṣe àkóso àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ni ó rán an. A ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Bristol Hotel, ilé èrò tí àwọn Òyìnbó ń wọ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí onílé èrò náà, ẹni tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni àlejò tí à ń wí, ó kọ̀ láti gbà á. Orúkọ àlejò náà ni Ivor Cummings.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a mọ irú ẹni tí ọkùnrin yìí í ṣe, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí i, ní ìlú West Hartlepool, ní ọdún 1913. Dókítà ará ilẹ̀ Sàró ni bàbá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìyá rẹ̀. Ó ti fẹ́ di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú rí, ṣùgbọ́n ìlànà ẹgbẹ́ náà ní àfi ẹni tí ìran rẹ̀ jẹ́ Òyìnbó pọ́ńbélé. Ní ọdún 1941, Kọ́lóníà Ọ́fíìsì gbà á síṣẹ́, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kí ni iṣẹ́ náà? Ìtọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti Áfíríkà àti West Indies wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, bíbá wọn wá ibùgbé sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù ni kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú. Ẹni tí ń bá ẹlòmíràn wá yàrá ni a fi yàrá dù ní Èkó.

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ta ni ó rán Cummings? Ìjọba tí Èkó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Síbẹ̀, onílé èrò náà kò gbà á. Àwọn tí ó rán an ti ṣètò ìrìnàjò, wọ́n ti gba yàrá. Ẹni tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ni wọn kò rò.

Èkó gbaná jẹ. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìròyìn mọ bí ó ti ṣòro tó kí àwọn ìwé ìròyìn tí ń bá ara wọn dù tó fi ohùn kan sọ̀rọ̀. West African Pilot ti Ọ̀gbẹ́ni Azikiwe àti Daily Service tí ó wà lẹ́yìn Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà kì í fi ojú rere wo ara wọn ní àkókò náà, ṣùgbọ́n ọ̀ràn Bristol mú ohùn wọn ṣọ̀kan, ó sì mú àwọn òṣèlú tí kì í bára wọn jókòó pé jọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹta, Gómìnà Arthur Richards ti fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pé a kò gbọ́dọ̀ fàyè gba ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ara ní ibi tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ gómìnà kì í ṣe òfin tí òṣìṣẹ́ lè gbé lọ sí iwájú adájọ́. Nínú iṣẹ́ ọba pàápàá, ó di ọdún 1948 kí ìgbìmọ̀ tí Hugh Foot jẹ́ alága rẹ̀, tí Azikiwe sì wà nínú rẹ̀, tó sọ pé a kò gbọdọ̀ gba àjèjì sí ipò kankan bí ọmọ Nàìjíríà tí ó yẹ fún un bá wà.

Ọ̀ràn náà kò parí sí Èkó. Gánà gba òmìnira ní oṣù Kẹta ọdún 1957, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí rìnrìn àjò lábẹ́ àsíá tiwọn. Oṣù méje péré lẹ́yìn náà, K. A. Gbedemah, mínísítà ètò ìnáwó Gánà, yà sí ilé oúnjẹ kan ní ìlú Dover ní ìpínlẹ̀ Delaware, ní Amẹ́ríkà, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi ọsàn. Wọ́n ní kò lè jókòó mu ún níbẹ̀. Nígbà tí ìròyìn náà kàn ká, Ààrẹ Eisenhower pè é wá jẹun òwúrọ̀ ní White House. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1961, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí William Fitzjohn, aṣojú ilẹ̀ Sàró, ní ìlú Hagerstown ní Maryland. Ààrẹ Kennedy ni ó gba òun náà lálejò láti tù ú nínú. Oúnjẹ Ààrẹ dùn lẹ́nu, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ń tẹ ìwé ní ilé iṣẹ́ ikọ̀ ńkọ́, àti awakọ̀ tí ń wa ikọ̀ kiri? Ààrẹ wo ni yóò pe ìwọ̀nyí wá jẹun?

Ó jọ pé Dókítà Nkrumah mọ ohun tí ó ń ṣe. Ní ọdún 1958, Cummings fi iṣẹ́ Kọ́lóníà Ọ́fíìsì sílẹ̀, ó sì bá ìjọba Gánà ṣiṣẹ́ láti tọ́ àwọn tí yóò di ikọ̀ rẹ̀ sọ́nà. Ẹni tí a ti tì síta rí ni a fi ṣe olùkọ́ àwọn tí ń múra àtilọ.

Òfin ń bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Ní ọdún 1958 kan náà, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́, èyí tí ó fi ìlú Geneva ṣe ibùjókòó, ṣe àdéhùn pé a kò gbọ́dọ̀ ṣe ojúsàájú lẹ́nu iṣẹ́. Gánà tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní ọdún 1961. Nàìjíríà kò ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2002. Òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1965 dé ilé èrò, kò dé ibi iṣẹ́. Ó di ọdún 1968 kí ó tó dé ibẹ̀. Ti Amẹ́ríkà dé ibi iṣẹ́ ní ọdún 1964. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1991, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn sọ pé òfin náà kò bá òṣìṣẹ́ tí iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà gbà sí iṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè kọjá òkun. Àwọn aṣòfin kò jẹ́ kí ọdún náà parí tí wọ́n fi tún un ṣe: ọmọ Amẹ́ríkà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà lókè òkun, òfin náà ń bá a lọ, àyàfi bí pípa á mọ́ yóò bá rú òfin ilẹ̀ tí ó wà.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nínú abala rẹ̀ kejìlélógójì, àtúnṣe ọdún 2010 sì fún Ilé Ẹjọ́ tí ń gbọ́ ọ̀ràn iṣẹ́ ní agbára láti dá ẹjọ́ ojúsàájú lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n abala náà kò sọ ohunkóhun nípa ọmọ Nàìjíríà tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ rán lọ sí òkè òkun. Lónìí, àwọn báǹkì wa ní ẹ̀ka káàkiri Áfíríkà, wọ́n sì ń rán òṣìṣẹ́ lọ. Wọn a sọ fún un nípa owó ìlú náà, ojú ọjọ́ rẹ̀ àti bí a ti ń kí ènìyàn níbẹ̀. Bí a bá tì í síta nítorí ibi tí ó ti wá, tàbí nítorí pé obìnrin ni, ilé ẹjọ́ wo ni yóò gbé e lọ? Ó yẹ kí a kọ ìdáhùn náà sínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Ní ti Cummings, ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1948, oṣù mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ọ̀ràn Bristol, ọkọ̀ ojú omi Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ará West Indies tí wọ́n ń wá iṣẹ́ bọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni Kọ́lóníà Ọ́fíìsì rán lọ pàdé wọn. Àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò wọ̀ sí, a ti pèsè ibi tí wọn yóò sùn sílẹ̀ dè wọ́n ní Clapham South, nínú ihò jíjìn abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù sá sí nígbà ogun.