Orúkọ Kan Lórí Ọ̀pọ̀ Ààrò: Ìtàn Àmì Ìdánimọ̀ Òwò Oúnjẹ ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ohun tí ó le jù lọ nínú òwò tí ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, tí ó sì ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí a rí orúkọ kan àti àwọ̀ kan tí yóò bo àwọn ààrò tí oníṣòwò náà kò ni ìkankan nínú wọn. Orúkọ, àwọ̀, àwòrán àti ìṣe tí oníbàárà fi ń dá òwò kan mọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni à ń pè ní àmì ìdánimọ̀ níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé fóònù ni ó bí ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin àti àwọn ìlú àti abúlé mìíràn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó ti pẹ́ tí orúkọ kan ṣoṣo ti ń bo ọ̀pọ̀ ààrò tí àwọn tí ó ni wọ́n kò mọ ara wọn. Gààrí Ìjẹ̀bú ni orúkọ náà.

Àwọn Potogí ni wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ láti Brazil wá sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni gààrí gbilẹ̀, nígbà tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti àwọn ọmọ wọn tí wọ́n padà wálé, ń tẹ̀dó sí Èkó àti àwọn ìlú etí òkun. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú tí wọ́n sì fi ipá ṣí àwọn ọ̀nà tí Ìjẹ̀bú ń ṣọ́, ẹrù oúnjẹ túbọ̀ rọ́nà dé Èkó. Ó jọ pé ọjà òkèèrè ni ó sọ gààrí yìí lórúkọ, nítorí pé ẹni tí ń yan gààrí ní Ìmùṣin kò ní ìdí kankan láti fi Ìjẹ̀bú pè é. Ẹni tí ó bá a lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gààrí ibòmíràn ni ó nílò orúkọ tí yóò fi yà á sọ́tọ̀.

Kò sí àwòrán kankan tí orúkọ náà gbára lé. Bí wọ́n bá ti bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì rin ín, wọn a dì í sínú àpò, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, nígbà mìíràn márùn-ún, kí ó lè kan dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọn a fún omi rẹ̀ tán, tí wọn a jọ̀ ọ́, tí wọn a sì yan án láìfi epo pupa sí i títí yóò fi gbẹ táútáú. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rà a máa bù díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, a fi ìka rà á kí ó lè mọ bí ó ti kúná tó, a dà á sẹ́nu, a sì gbọ́ ìró rẹ̀ lábẹ́ eyín kí kíkan rẹ̀ tó dé orí ahọ́n. Ẹnu ni a fi ń ka àmì ìdánimọ̀ yìí, àti abúlé kan sí òmíràn ni ó gbọ́dọ̀ ti bá ara mu.

Àwọn tí wọ́n gbé orúkọ náà kiri ni àwọn alájàpá, ìyẹn àwọn obìnrin tí ń ra ọjà ní oko láti lọ tà á nígboro, tí wọ́n dúró sí ààyè tí áàpù oúnjẹ dúró sí lónìí, láàárín ààrò àti ẹni tí yóò jẹun. Agbára wọn hàn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1941, ìjọba amúnisìn gbé ètò ìdíwọ̀n owó oúnjẹ kalẹ̀ ní Èkó, èyí tí Kápùténì A. P. Pullen ṣe alábòójútó rẹ̀, gààrí sì wà lára ohun tí wọ́n fi iye lé. Àwọn obìnrin ọjà, tí Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà jẹ́ olórí wọn, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní iye náà kò tó èyí tí àwọn fi ń ra ọjà. Ìjọba fi owó lọ Pẹlẹ́wùrà kí ó lè bá wọn ṣiṣẹ́, kò sì gbà á.

Ọ̀nà mìíràn ni oúnjẹ sísè gbà, torí pé ohùn olùkiri ni àwọn ènìyàn fi ń mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó rí i. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ UAC dá ilé oúnjẹ Mr Bigg's sílẹ̀ ní 1986, àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ìyeyè ni ó gba ipò ohùn náà, ṣùgbọ́n ọ̀ràn tiwọn rọrùn, nítorí pé oúnjẹ kan náà ni gbogbo ẹ̀ka ń tà.

Áàpù ni ó dá ìṣòro alájàpá padà. Hellofood, tí ó wá di Jumia Food, tí ó sì kógbá sílé ní ìparí 2023, ti wà ní Nàìjíríà kí Glovo tó wọlé ní 2021, ọdún kan náà tí Chowdeck bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Àwòrán áàpù kò tóbi ju orí ìka lọ lójú fóònù, síbẹ̀ àwòrán kan náà ni yóò wà lára àpótí tí ọlọ́kadà gbé sẹ́yìn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ó yẹ kí a mọ̀ láti òkèèrè. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ya irú àmì bẹ́ẹ̀ fi ń sá fún ìlà wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń gba orúkọ kúkúrú àti àwọ̀ kan tí ó mọ́lẹ̀, bí àwọ̀ ewé ti Chowdeck àti àwọ̀ ìyeyè ti Glovo. Àwọ̀ a máa jẹ́ kí a tètè mọ ẹni tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ bá tutù tàbí tí ó dà sílẹ̀ lọ́nà, orúkọ ara àpótí ni ẹni tí ebi ń pa yóò kọ́kọ́ dá lẹ́bi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé oúnjẹ mìíràn ni ó sè é.

Òfin Àmì Òwò ti 1965 ní Nàìjíríà kò fi ojú kan náà wo orúkọ áàpù àti orúkọ Gààrí Ìjẹ̀bú. Orúkọ tí a hùmọ̀ lè di ti ilé-iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú lásán kò rọrùn láti forúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èyí ni ó fi jẹ́ pé gààrí tí ó sun ọjọ́ kan péré ń jẹ́ Ìjẹ̀bú lórí àtẹ, tí ẹni tí ó fi ọjọ́ márùn-ún dúró kò sì rí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Òfin náà ṣí àyè kan: àmì ìjẹ́rìí, tí ẹgbẹ́ tí kì í ta ọjà náà fúnra rẹ̀ lè gbà, kí ó sì máa fi jẹ́rìí sí ibi tí ọjà ti wá àti bí a ti ṣe é. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin tí ń yan gààrí ní Ìmùṣin àti ní àyíká rẹ̀ nílò, ó sì tọ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè Ìjẹ̀bú bá wọn béèrè fún un.