Adamorobe: Abúlé Ghana tí ọba ti ṣòfin pé adití kò gbọdọ̀ fẹ́ adití

Lọ́dún 1975, ọba Adamorobe ní orílẹ̀-èdè Ghana, Nana Kwaakwaa Asiampong Kejì, ṣe òfin kan tí kò wọ́pọ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, adití ìlú náà kò gbọdọ̀ fẹ́ adití ẹgbẹ́ rẹ̀.

Adamorobe wà ní ẹsẹ̀ òkè Akuapem, kò jìnnà sí Accra. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bí ọmọ tí kò gbọ́ràn níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1961, ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú ni kò gbọ́ràn. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọwọ́ òrìṣà odò wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn tó ń gbọ́ràn pàápàá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Lóko, nílé, níbi òkú, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá adití tàkurọ̀sọ. Mumu kasa ni wọ́n ń pe èdè náà. Ẹ má rò pé mùmú tí à ń fi bú ara wa l'Ékòó ni o. Lédè Akan, adití tàbí odi ni "mumu" ń tọ́ka sí.

Kí ni àwọn dókítà rí?

Ọdún 1998 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Ghana àti Jámánì kéde ohun tó fà á. Àbùkù kan wà nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní connexin 26, ó sì ń ti ara òbí dé ara ọmọ.

Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ AS àti SS yóò tètè lóye rẹ̀. Ẹni tó gba àbùkù náà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo yóò máa gbọ́ràn ketekete, kò sì ní mọ̀ pé òun gbé e. Àfi tí ọmọ bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni kò ní gbọ́ràn. Ìdí nìyí tí àwọn tí etí wọn dá ṣáká fi ń bí adití.

Lóòótọ́, bí àwọn méjì tí irú àbùkù yìí ti di etí wọn bá fẹ́ra, gbogbo ọmọ wọn ni kò ní gbọ́ràn. Ohun tí ọba rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin náà dà bí ìgbà tí èèyàn bá ní kí SS má fẹ́ SS, tó wá fi AS sílẹ̀ kó máa fẹ́ AS. Àwọn adití nìkan ló ru ẹrù tó jẹ́ ti gbogbo ìlú.

Annelies Kusters, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Belgium tí òun náà jẹ́ adití, gbé láàrin wọn, ó sì kọ ìwé nípa wọn lọ́dún 2015. Nígbà tó wà níbẹ̀, adití tó kù kò ju nǹkan bí 40 lọ nínú èèyàn bí 3,500, nítorí àwọn àlejò ti pọ̀ nílùú.

Nǹkan mìíràn tún ń ṣẹlẹ̀ sí èdè wọn. Ilé ẹ̀kọ́ adití ní Mampong-Akuapem ni àwọn ọmọ ń lọ, èdè ọwọ́ tí Andrew Foster gbé wá láti Amẹ́ríkà lọ́dún 1957 sì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Foster yìí náà, tí àrùn yírunyírun di etí rẹ̀ ní ọmọ ọdún 11, ló dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1960.

Lọ́dọ̀ dókítà lónìí

Tọkọtaya tí ọmọ wọn kò gbọ́ràn yóò gbọ́ ìbéèrè púpọ̀: ṣé adití wà nínú ẹbí? Ṣé ẹ bára yín tan? Ṣé ọmọ ṣe yírunyírun tàbí gba abẹ́rẹ́ gentamicin? Ó yẹ kí wọ́n dáhùn láìfi ọ̀kankan pamọ́, kí àwọn náà sì bèèrè nípa oyún tó ń bọ̀.

Tó bá jẹ́ irú ti Adamorobe, tí àwọn òbí méjèèjì sì ń gbọ́ràn, ìdáhùn rẹ̀ ni ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Kò túmọ̀ sí pé tí àkọ́bí kò bá gbọ́ràn, àwọn mẹ́ta tó tẹ̀lé e ti bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà tirẹ̀ lákọ̀tun.