Àwọn Mẹ́jọ Tí Ó Wà Lẹ́yìn Pẹpẹ Ìwé

Bí ènìyàn bá fi ara pamọ́ fún ọdún méjì, ta ni yóò máa bá a ra oúnjẹ?

Ní ọjọ́ 12 oṣù Júùnù, 1929, ni a bí Anne Frank, ọmọ Júù, ní ìlú Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní 1933, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ni àwọn Júù lára, Otto Frank, bàbá Anne, kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Amsterdam ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n sá sí náà ni ogun ká wọn mọ́: ní oṣù Máàyì, 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ilẹ̀ náà.

Ní oṣù Júláì, 1942, ìwé dé pé kí Margot, ẹ̀gbọ́n Anne, ọmọ ọdún 16, lọ ṣiṣẹ́ tipátipá ní Jámánì. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo wọn sá wọ àwọn yàrá tí ó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì Otto. Júù mẹ́rin mìíràn bá wọn níbẹ̀, wọ́n sì di mẹ́jọ. Pẹpẹ ìwé ni a fi bo ẹnu ọ̀nà.

Ògiri létí. Lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wà nísàlẹ̀, yíyọ́ ni wọ́n ń yọ́ rìn, wọn kì í sì í ṣí ẹ̀rọ omi. Anne ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Otto ni wọ́n ń bọ́ wọn: Miep Gies, Bep Voskuijl, Johannes Kleiman àti Victor Kugler. Jan, ọkọ Miep, náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Bàbá Bep ni ó kan pẹpẹ ìwé náà. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n lè tìdí rẹ̀ yọ.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, 1944, ọlọ́pàá wọlé. Wọ́n mú àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, pẹ̀lú Kleiman àti Kugler. Anne àti Margot kú ní àgọ́ Bergen-Belsen ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945. Anne jẹ́ ọmọ ọdún 15. Nínú àwọn mẹ́jọ, Otto nìkan ni ó padà wálé.

Miep ti ṣa àwọn ìwé Anne jọ, ó sì fi wọ́n pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ láìkà wọ́n. Ó kó wọn fún Otto, a sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1947.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà Júù ni a pa. Àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí kò lè gba ẹ̀mí Anne là. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá ni ó fún un ní ọdún méjì tí ó fi kọ̀wé, ọwọ́ Miep ni kò sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ bá a kú.